Ẹ má tíì lé àwọn tó ń ri kẹ́ẹ̀gì bọmi

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí.

Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí bàbá kan tó ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kọ, tí wọ́n ní àwọn ti dá gbogbo àwọn tó ń ṣẹ́ẹ̀kì ọjà dúró torí pé ṣe ni wọ́n kàn ń jókòó gba owó oṣù. Wọ́n ní ẹni tó ń wo ọjà kọ́ ló ń ṣe ọjà jáde. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mánéjà wa sọ ní 2016, ọ̀rọ̀ náà sì wà létí mi bíi pé àná ni. Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń san owó oṣù, èmi kọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ọ̀tà, n ò ní dárúkọ wọn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò tí kò sí ilé tí ẹ ò ti ní bá méjì mẹ́ta ẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi ń rọ epo pupa, tí àwa náà fi ń tọ́jú omi nígbà tí NEPA bá ti ṣe tiwọn. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni kí n máa ri kẹ́ẹ̀gì bọmi. Ẹ ó fi páìpù atẹ́gùn sí kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu, ẹ ó dè é pa kí atẹ́gùn má lè jáde, ẹ ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú tánkì omi, ẹ ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ẹ ó máa wojú omi. Tí omi bá ń hó níbì kan, kẹ́ẹ̀gì yẹn ń jò nìyẹn, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Wòlíì ni àwọn tó kù máa ń pè wá torí ìrìbọmi tá à ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kódà àwọn kan máa ń ní ká bá àwọn gbàdúrà tí owó oṣù bá pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ro ìṣirò yẹn bí mánéjà ṣe rò ó, torí kì í ṣe òmùgọ̀ èèyàn o. Kẹ́ẹ̀gì 20,000 là ń ṣe lóṣù. Àwa méjì là ń rì í bọmi, ọ̀kan lójú ọjọ́ ọ̀kan lálẹ́, ₦28,000 ni wọ́n ń san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦56,000 nìyẹn, ẹ wá fi iná tó ń gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn àti omi àti páìpù tó máa ń bẹ́ ní gbogbo ìgbà kún un, gbogbo ẹ̀ di bíi ₦70,000. Ẹ pín in sórí 20,000, náírà mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n ń ná láti fi wo kẹ́ẹ̀gì kan. Tí a ò bá wò ó ńkọ́? Nínú ẹgbẹ̀rún kan, bíi mẹ́fà ló máa ń jò, ìyẹn 120 lóṣù. Nínú 120 yìí, bíi 40 péré ni kọ́sítọ́mà máa ń gbé padà wá, torí ta ló fẹ́ wọkọ̀ láti Ìkirè wá sí Ọ̀tà nítorí kẹ́ẹ̀gì kan? Wọ́n á ṣépè fún wa, wọ́n á sì ju kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìnkùlé. Tuntun tá a máa fi pààrọ̀ ogójì tó padà wá, ₦800 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦32,000. Mánéjà wo ₦70,000, ó wo ₦32,000, ó ní ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìdádúró wọn. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹnìkejì mi máa lọ nìyẹn. Wọ́n gbé èmi lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì gbẹ́ omi inú tánkì, wọ́n wá ń kó àpò rọ́bà sínú ẹ̀.

Ó tó bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìyá elépo kan láti Òkìtìpupa fi wọlé sí wa lọ́sàn-án gangan, kẹ́ẹ̀gì méje ni wọ́n so mọ́ra wọn pẹ̀lú okùn, ṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́, gbogbo ara kẹ́ẹ̀gì pupa yòò, ìró wọn náà sì ti pupa nísàlẹ̀. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ tààrà sí ọ́fíìsì, wọ́n kó o kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mánéjà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kẹ́ẹ̀gì lo tà fún mi ni àbí asẹ́?"

Mánéjà ní, "Mà, ẹ má bínú, a máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ fún yín lónìí yìí."

Ìyá ní, "O ṣeun. Epo inú ẹ̀ ńkọ́?"

Kò rí nǹkan sọ. Èmi náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí bíi pé èmi ni mo jò. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ọgọ́ta kẹ́ẹ̀gì làwọn rọ epo sí, wọ́n kó o sínú lọ́rì tó ń lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n tó dé Ìbàdàn méje ti ń jò, epo ti ṣàn sórí gààrí ẹlòmíì tó wà nísàlẹ̀, onígààrí sì di aṣọ ìyá mú ní gáréèjì pé àfi kí wọ́n san án. Wọ́n san án. Wọ́n sanwó àwọn tó fi omi gbígbóná fọ ẹ̀yìn lọ́rì. Wọ́n tún ta èyí tó kù ní ẹ̀dínwó torí ilẹ̀ ti fẹ́ẹ́ ṣú, àwọn aláròóbọ̀ sì ti lọ.

Ẹ gbọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún yẹn tá a bá ro kẹ́ẹ̀gì kan tó jò fún àwọn elépo, èyí tó bá jò nínú ọkọ̀ kì í dànù tán kí wọ́n tó rí i, ó máa ń tó nǹkan bí ìdajì, ẹ wá fi owó kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀ àti ẹrù ẹlẹ́rù àti wàhálà sí i, kò lè dín ní ₦7,000. Ìgbà 120 lóṣù jẹ́ ₦840,000. Owó tó ń dànù lóṣooṣù nìyẹn, torí ká má baà ná ₦70,000! Kò sì sí nínú ìwé mánéjà torí kì í ṣe àpò tiwa ló ti ń jáde, àpò àwọn ìyá elépo ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé mánéjà kì í ṣe òmùgọ̀. Ìṣirò ẹ̀ pé pérépéré, kàn jẹ́ pé ó pa iye tó tóbi jù tì sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè wá bá a jà.

Àfi ìgbà tí àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá elépo kì í kọ lẹ́tà, wọn kì í gba lọ́yà, wọ́n kàn máa sọ fún ara wọn nínú ẹgbẹ́ elépo pé kẹ́ẹ̀gì ibẹ̀ yẹn, ẹ sá fún un. Kí ọdún tó parí a ò ta ju 14,000 lóṣù mọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kẹ́ẹ̀gì ti dínkù, a sì ń jèrè bíi ₦120 lórí ọ̀kan, ẹ bá mi rò ó, ₦720,000 lóṣooṣù. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá mi dé ìdí ẹ̀rọ pé wòlíì, tánkì ẹ dà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀gbẹ́ni kan ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Deming, òun kan náà tó lọ kọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Japan lẹ́kọ̀ọ́ ní 1950, ti fi òfin kékeré kan lélẹ̀ lórí ẹ̀. Iye tó ń ná yín láti wo ọjà kan, ẹ fi iye tí ọjà kan tó bàjẹ́ máa ná yín tó bá jáde pín in. Tí ìdá ọjà yín tó ń bàjẹ́ bá ju ohun tí ẹ rí lọ, ẹ wo gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá kéré sí i, ẹ má wo ìkankan rárá, ẹ máa gbé e lọ. Fún tiwa, náírà mẹ́ta ààbọ̀ lórí ₦7,000 jẹ́ ọ̀kan nínú 2,000. Méjìlá ló ń jò nínú 2,000. Kò tún sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà mánéjà sí òfin kan náà, tí kẹ́ẹ̀gì kan tó jò kàn ná a ní ₦267 torí pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń padà wá, òfin náà á sọ fún un pé kó lé wa, kó má wo nǹkan kan. Òfin ò burú, ẹni tó ń fi nọ́ńbà sí i ló yẹ ká bi léèrè pé ta lo kà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lé ẹni tó ń ri kẹ́ẹ̀gì bọmi, arábìnrin kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju pé kó máa wo bóyá àwọ̀ ìdérí bá ara wọn mu, bóyá ara kẹ́ẹ̀gì ha, wọn ò lé e. ₦28,000 lòun náà ń gbà. Ọ̀gá pátápátá fẹ́ràn kí kẹ́ẹ̀gì máa dán. Nínú ọdún mọ́kànlá mi kò sí elépo kan ṣoṣo tó gbé kẹ́ẹ̀gì padà wá torí pé ìdérí ẹ̀ pupa dípò búlúù. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n máa rọ epo sí tí ara ẹ̀ máa pupa lọ́jọ́ kejì, kí la fẹ́ fi dídán ẹ̀ ṣe? Tí bàbá bá fẹ́ gé owó, irú ibi yẹn ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ gé e. (Arábìnrin yẹn, tó o bá ń ka èyí, má bínú, o mọ̀ pé òótọ́ ni.)

N ò sì ní parọ́ fún yín pé àwa tó ń ṣẹ́ẹ̀kì kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n dá tánkì padà, súpáfáísọ̀ kan fi abẹ́rẹ́ lu kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ó sàmì sínú wọn, ó wá pò wọ́n mọ́ ọjà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó pò mọ́ ti ojúmọmọ, a mú mẹ́sàn-án. Nígbà tó ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ti òru, márùn-ún péré ni wọ́n mú. Ẹni tó bá ti ń wojú omi láti aago méje alẹ́, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta òru kò ní mọ̀yàtọ̀ láàárín omi tó ń hó àti omi tó ń wojú ẹ̀ padà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n alákàn náà ń sùn. Wọ́n wá ní ká máa pààrọ̀ ara wa ní wákàtí méjì méjì, kí ẹni tó kúrò nídìí tánkì lọ ran àwọn tó ń kó ọjà lọ́wọ́, ìyẹn sì tún nǹkan ṣe púpọ̀. Torí náà ẹni tó bá rò pé èèyàn kan tó fi sídìí ọjà ti tó, pé kò sí nǹkan burúkú tó lè kọjá mọ́, òun náà ń tan ara ẹ̀ jẹ.

Ibi tí mo wá gbà fún bàbá nìyí, mo sì gbà tọkàntọkàn: kẹ́ẹ̀gì tá a bá mú pé ó ń jò, ó ti jò ná kí n tó mú un. Èmi kọ́ ni mo máa wò ó sàn. A ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, á tún padà sínú ẹ̀rọ, iná àti àkókò ti bá a lọ. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó ti ń jò gan-an la tó rí i pé bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ìdí ni, ojú ibi tí irin mould, ìyẹn irin tó ń sọ rọ́bà di kẹ́ẹ̀gì, ti ń fún rọ́bà pa. Tí etí irin yẹn bá ti dọ̀tí tàbí tó ti jẹ, kò ní lẹ̀ dáadáa. Èkejì ni rọ́bà àlòkù tá a ń pò mọ́ tuntun, tó bá pọ̀ jù tàbí tí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ máa wà lára kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo àsìkò tí èmi ń ri kẹ́ẹ̀gì bọmi bí ẹni pé ayé fẹ́ parẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí pé wòlíì, níbo ló ti ń jò? Wọ́n kàn ń ka iye tó jò.

Wọ́n wá ní kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ máa nu etí mould ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, kó máa fi kẹ́ẹ̀gì kan sórí ìwọ̀n nígbà kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi bírò kán àmì ìwọ̀n ẹ̀ sórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ìlà kan lókè ìlà kan nísàlẹ̀, tí àmì bá ti jáde síta ìlà kó pa ẹ̀rọ kó pe ẹ̀ńjíníà. Wọ́n ní Shewhart, ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà míì, ló kọ́kọ́ ya irú bébà yẹn ní 1924. Ó wú mi lórí pé nǹkan tó ti dàgbà tó yẹn, ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri l'Ọ́tà.

Mo sì rántí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Bàbá ìyá mi hun aṣọ òkè níbẹ̀. Tí òwú kan bá já, wọ́n á dúró, wọ́n á so ó kí wọ́n tó ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn kì í hun aṣọ tán kí wọ́n wá pe ẹlòmíì pé kó wá bá àwọn wá ibi tí òwú ti já. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí ọ̀gbẹ́ni Sakichi Toyoda ṣe ní Japan, òwú bá já, ẹ̀rọ á dá ara ẹ̀ dúró, inú ìdílé yẹn ni ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota sì ti jáde, níbi tí òṣìṣẹ́ lásán ti lè fa okùn láti pe gbogbo èèyàn sí àléébù tó rí, tí iṣẹ́ á sì dúró tí wọn ò bá tètè tún un ṣe. Ẹ wá lọ sọ fún mánéjà Nàìjíríà pé kí òṣìṣẹ́ onípò kékeré máa dá iṣẹ́ dúró, ẹ ó gbọ́ ohun tó máa sọ fún yín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ kẹ́ẹ̀gì tó ń jò ti wálẹ̀ sí mẹ́ta nínú 10,000. Mẹ́fà lóṣù nìyẹn ká ní à ń ṣe 20,000, mẹ́fà lọ́nà ₦7,000 sì jẹ́ ₦42,000, ó ti kéré sí ₦70,000. Ìgbà yẹn ló wá bọ́gbọ́n mu ká má ri gbogbo ẹ̀ bọmi mọ́, ká máa mú díẹ̀díẹ̀ wò. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn. Ẹ ò rí i pé ibi tí bàbá ń lọ kọ́ ni mò ń bá wọn jà lé lórí, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ ni. Wọ́n lé ọlọ́dẹ kí wọ́n tó ra kọ́kọ́rọ́.

Kì í sì í ṣe àwa tálákà nìkan ló ń ṣe é o. Ọdún 2016 yẹn kan náà ni Samsung gbé fóònù Galaxy Note 7 jáde ní oṣù kẹjọ, bátìrì ẹ̀ ń gbiná, ní oṣù kẹsàn-án wọ́n ní kí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fóònù padà wá, wọ́n pààrọ̀ bátìrì sí ti ẹlòmíì, ìyẹn náà tún ń gbiná torí àléébù míì ni tiẹ̀, kí oṣù kẹwàá tó parí wọ́n ti pa fóònù náà tì pátápátá. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kéde àyẹ̀wò oríṣi mẹ́jọ fún bátìrì. Samsung lówó tó fi lè jìyà ẹ̀ kó sì dìde. Ilé iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì ò ní in.

Ọ̀kan wà tí n kì í fi ìṣirò kankan sí, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan tí èèyàn ń jẹ tàbí mu fetí sí. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, àwọn tó ṣe é l'Ékòó lo kẹ́míkà kan nínú ẹ̀ tí wọ́n rò pé propylene glycol tí wọ́n máa ń lò fún oògùn ni, diethylene glycol tó jẹ́ májèlé wà nínú ẹ̀. Ọmọ 84 ló kú, kíndìnrín wọn ló bàjẹ́. Irú nǹkan kan náà ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ní 1990, tó pa ọmọ 47. Wọn ì bá yẹ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn wò kí wọ́n tó dà á mọ́ oògùn, wọn ì bá rí i. Níbi tó bá ti dà báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá tún ń béèrè pé èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń wò ó, ó yẹ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ká má sì sọ pé NAFDAC tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn wà, SON tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà wà. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ Wẹ́sídeè.

Bàbá, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò le. Ẹ mú ọjà yín fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo gbogbo ẹ̀, ẹ ka iye tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á, ẹ má rán mánéjà, ẹ lọ fúnra yín, ẹ bi wọ́n pé nígbà tí ọjà mi bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, èló ló ná yín. Kí ẹ tó padà délé ẹ ó ti mọ̀ bóyá kí ẹ pe àwọn ọmọ yẹn padà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ bi ẹni tó ti ń wo ọjà yín tipẹ́ jù pé níbo ló ti ń bàjẹ́, ó ti mọ̀ ọ́n ọjọ́ ti pẹ́, ẹ ò kàn bi í ni.

Mo rí ìyá elépo Òkìtìpupa yẹn lọ́jà Bódìjà ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ti ń ra kẹ́ẹ̀gì báyìí, wọn ò padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ wa títí mo fi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní àgbá omi ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn báyìí, pé àwọn máa ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn á rì í bọ inú àgbá kí àwọn tó rọ epo sí i. Mo ní ẹ kú làálàá mà. Wọ́n ní ẹ máa lọ jàre wòlíì, iṣẹ́ yín ni mò ń bá yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Wòlíì Oníkẹ́ẹ̀gì,
Abẹ́òkúta.